Ìlà Táìsì Inú Balùwẹ̀ Màmá

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ṣùgbọ́n lánàá, nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo ríṣẹ́, mo di tábìlì: àárín obìnrin kan àti ọkùnrin tó fẹ́ bá a lẹ táìsì ni mo jókòó sí, orí itan mi ni wọ́n sì to táìsì kéékèèké mẹ́rin sí.

Ọkùnrin náà yí wọn, kí igun wọn kọjú síwájú. "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká tò ó báyìí, bíi dáyámọ́ńdì. Balùwẹ̀ yín kéré, á wá dà bíi pé ó fẹ̀."

"Ta ló fẹ́ kó fẹ̀? Ìyá mi ni mò ń ṣe é fún. Ojú wọn ò ríran mọ́."

"Kí ló wá kan dáyámọ́ńdì níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wolẹ̀. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ ìlà táìsì látẹnu ọ̀nà dé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí ìlà bá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ògiri ni wọ́n máa bá ara wọn."

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wolẹ̀. Èmi tójú mi pé méjì, ojoojúmọ́ ni mò ń kọsẹ̀.

Ọkùnrin náà rọra tún táìsì tò lórí itan mi, ìlà tọ́ gbọọrọ. "Ó dáa. Mi ò ní fi símẹ́ǹtì kún ojú ìlà jù, kẹ́sẹ̀ wọn lè rí i. Ẹsẹ̀ wo ni Màmá máa ń kọ́kọ́ gbé wọlé?"

"Ọ̀tún."

"Ọ̀tún nìlà ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo ti kọjá ibi tí mò ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kítan mi mì, kí ìlà Màmá má baà wọ́.