Àṣàkẹ́ Kò Bóra Rí

Àṣàkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ni mo ṣẹ̀, nígbà ọyẹ́ ọdún 1981, nílé wa ní àdúgbò Laranto, ní Jos. Mo fi orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nítorí pé orúkọ yẹn gan-an ni mo bà jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tètè ṣàánú mi.

Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Hausa ni mo fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà, òun ni mo fi ń lálàá. Yorùbá ẹnu mi kò tó nǹkan. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àṣàkẹ́ ti wá ní tirẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyàwó ilé. Ó dàgbà jù mí lọ, síbẹ̀ kò fẹnu kan orúkọ mi rí. “Akọ́wé mi” ló ń pè mí, “ẹ” ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, torí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, inú ń bí mi sí gbogbo ayé. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn ọṣẹ àti ìpara abóra tí wọ́n ń kó wọ ọjà, tí wọ́n fi ń pa àwọn obìnrin wa lára. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Obìnrin tó bá ti ń pọ́n díẹ̀ sí i, mo ti dá a lẹ́jọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Àṣàkẹ́ nínú àgbàlá, ó ń họ apá. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Mo ní, “Kí ló dé, ìyàwó?” Ó ní, “Ara mi ń bó, Akọ́wé mi. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.” Ó ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ti jáde. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ohun tó wí. Awọ ara rẹ̀ ń ṣí bíi ti àlùbọ́sà ni. Otútù Jos àti omi gbígbóná tó fi ń wẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni èmi mọ̀ fún “bó”, èyí tí à ń pariwo rẹ̀ kiri. Mo rò pé ó ń jẹ́wọ́ fún mi ni.

Ní ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi débi tí mo fi sọ pé, “Kódà nílé tiwa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bóra. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi fi ń kí i bí ẹni ń kí obìnrin òyìnbó: “Sannu, Baturiya! Ìgbà wo lo ti London dé?” Ìyá mi tú àpótí Àṣàkẹ́ wò, kò rí ìpara kankan, ó ní ó ti kó o pamọ́ ni.

Èmi náà sọ ara mi di dókítà. Mo ra ọṣẹ apakòkòrò àti kàn-ìn-kàn tuntun, mo ní kó fi họ ìpara náà kúrò. Ó ní, “Akọ́wé mi, ìpara wo?” Mo ní kó má purọ́ fún mi. Ó sì ṣe é, torí pé akọ́wé ló sọ ọ́! Awọ rẹ̀ gan bí èyí tí wọ́n sá sóòrùn. Ìpara ọmọ ọwọ́ ń ta á, omi lásán ń ta á. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ là, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ṣomi. Gbogbo rẹ̀ ni mo fojú rí, mo ní májèlé ló ń jáde.

Ìgbà tí kò lè wọ bùláòsì mọ́ ni mo tó mú un lọ sọ́sibítù. Dókítà yẹ apá rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. “Kò sí ìpara abóra kankan níbí. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ti bọ́ epo ara rẹ dànù. Omi inú awọ ń jáde, ìdọ̀tí sì ń wọlé. Ta ló ní kó o máa họ ara báyìí?” Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí. Àṣàkẹ́ wolẹ̀, ó ní, “Ẹnì kan nílé wa ni, sà.”

Wọ́n ní kó pa ọṣẹ yẹn àti kàn-ìn-kàn tì, kó máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣanra kíá, kó fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi kúrò láìnù ún, kó sì fi òrí pa ara kó tó gbẹ tán. Èmi ni mo ń lọ ra òrí náà lọ́wọ́ àwọn Hausa. Díẹ̀díẹ̀, omi kò ta á mọ́. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, awọ rẹ̀ ti padà dúdú, ó jọ̀lọ̀.

Mo rò pé ó ti tán. Mo ní, “Ara ńkọ́, ìyàwó?” Ó pe orúkọ mi, èyí tí bàbá mi sọ mí gan-an. Kò sọ “ẹ” mọ́. “Ara mi ti san. Lọ sípàdé, kó o dúró níbi tó o dúró sí lọ́jọ́ yẹn, kó o sọ fún wọn pé mi ò bóra rí.”

Mo lọ. Mo dìde. Omi ẹ̀rọ tí kì í yọ ní Laranto ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo ń béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kí ló dé tí gbólóhùn kan yìí wúwo lẹ́nu mi tó báyìí? Ẹ̀yin ẹ bá mi wá a. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá ti ìpàdé dé, ẹnu ọ̀nà ni Àṣàkẹ́ máa ń jókòó sí, á pe orúkọ mi.

“Ṣé o ti sọ ọ́?”