Waya Olórí Méjì

Ọdọọdún lẹ máa ń pè mí wá sí ilé panápaná yìí kí àsìkò ìjì tó wọlé, pé kí n wá kọ́ yín bí ẹ ṣe máa tọ́jú waya ilé àtijọ́ yín. Ẹ sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ lónìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì ju ọdún mọ́kànlá lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní ọkàn mi ò lè bá mi dé ìjì ọdún tó ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Wilmer Naquin, tí mo fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ iná ní Bayou Perrine, ìletò etí omi wa yìí, èmi ni mo pa ọmọkùnrin tó kú sórí òpó lẹ́yìn ilé wa. Kì í ṣe Màmá Odalie Verret. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó pẹ́ tẹ́ ẹ ti gba òdìkejì gbọ́: kì í ṣe òun.

Ẹ mọ ilé mi. Bàbá bàbá mi ló fi pákó kọ́ ọ, waya inú ẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún yín náà nìyẹn: ẹ tú waya àtijọ́ dànù, ẹ gbé àpótí tí iná ń gbà wọlé ga ju ibi tí omi ń dé lọ, bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo jẹnẹrétọ̀, ẹ fi súwíìṣì tó ń já ilé kúrò lára òpó sí i, kí iná méjèèjì má baà pàdé. Mo ti ṣe é sí ilé tó lé ní ọgọ́ta ládùúgbò yìí. Mi ò ṣe é sí tèmi. Ọdọọdún ni mo ń sọ pé tí àsìkò edé pípa bá parí ni màá ṣe é. Dípò ìyẹn, mo mú waya tó nípọn, mo fi púlọ́ọ̀gì eléyín sí orí méjèèjì, mo ki ọ̀kan bọ jẹnẹrétọ̀, mo ki èkejì bọ ihò iná ara ògiri tí ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ń lò. Kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀? Irú ẹ̀ wà nílé ìdajì yín. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa súwíìṣì ńlá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná á padà sẹ́yìn gba orí òpó lọ, tiransifọ́mà á sì sọ ọ́ di ńlá tí kò ní dá ẹnikẹ́ni sí.

Ìjì ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn yẹn mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Earline ìyàwó mi ti sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀, èmi nìkan ló kù nílé. Ó wù mí kí n lè sọ pé aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó nílò iná. Kò sí. Edé inú fíríìsà ni, àti ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù kí n lè sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ iná wá láti Ohio láti bá wa tún waya ṣe, a sì ń se oúnjẹ fún wọn lágbàlá bí a ṣe máa ń ṣe. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń jẹ́ Kendrick Shoup, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ keje, mo ní kó fa orí edé mu bí a ṣe ń ṣe níbí, ó gbìyànjú, ó tu ú dànù, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?" A rẹ́rìn-ín títí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnì kan pariwo pé iná ti dé ní òdìkejì omi. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo ti súwíìṣì ńlá sókè láti wò ó bóyá tiwa náà ti dé. Kò tíì dé. Mo tan jẹnẹrétọ̀ padà, mo jáde lọ bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níta, mo sì fi súwíìṣì ńlá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìpa á. Èmi olùkọ́ yín.

Àwọn ọmọ Ohio ti yẹ waya orí òpó lẹ́yìn ilé wa wò láàárọ̀, kí n tó ti súwíìṣì náà, kò sí iná lára ẹ̀. Ọ̀sán, bí wọ́n ṣe ń so waya tó já pọ̀ mọ́ ti ilé wa, ni mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ mi kérora, bí ìgbà tí ẹrù bá pọ̀ jù lórí ẹ̀. Mo sáré wọlé, mo fa waya yọ. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pe Kendrick lórí òpó, mi ò gbọ́ kó dáhùn. Kí n tó lọ wo ọmọ ọlọ́mọ, mo kọ́kọ́ lọ ju waya yẹn sínú omi. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé, ilé méjì péré ló ní èèyàn lórí waya náà, tèmi àti ti Màmá Odalie aládùúgbò mi. Wọ́n mọ̀ mí dáadáa, wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ ilé ìyá náà wò. Opó ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, fáànù àti fíríìjì nìkan ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń gbé, kò tilẹ̀ kan waya ilé rárá. Mo rí i. Mo jáde, mo ní ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló so jẹnẹrétọ̀ mọ́ waya ilé, pé mo ti tú u kó má baà pa ẹlòmíì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá náà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Wilmer, ṣé o rí i lóòótọ́?"

"Mo rí i, Màmá. Ó ní láti jẹ́ pé Bàbá Clovis ò sọ fún yín ni."

Ó di igi àtẹ̀gùn mú. Ó ní tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni, pé èmi ni mo mọ iná, òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí i? Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, apànìyàn ló ń pe ara ẹ̀.

Wọn ò mú un, wọ́n ní arúgbó ni, kò mọ̀. Àwa la fìyà jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń rí i tó ń dá jẹun, mi ò sì lè ké sí i. Nígbà tí Earline kú, Màmá Odalie gbé ìkòkò ìrẹsì wá sórí àtẹ̀gùn mi, ó lọ láìkanlẹ̀kùn. Mi ò lè jẹ ẹ́. Èmi náà wá ń dá jẹun, rédíò ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kò ju ìpè kan lọ láàárín ilé wa méjèèjì, kò sẹ́ni tó pè. Gbogbo Kérésì ni Màmá Odalie sì ń kọ lẹ́tà sí ìyá Kendrick, ó ń tọrọ àforíjì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ bá a ní ilé àwọn arúgbó ní Houma. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun wá. Èsì ìyá Kendrick ló wà nínú ẹ̀. Ní ọdún kẹta, obìnrin náà kọ ọ́ pé òun ti dárí jì í tọkàntọkàn, pé kó máa sùn. Ẹkún gbé mi mì, mo na ọwọ́ láti gba lẹ́tà náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Rárá, Wilmer. Èmi ló dárí jì. Lọ tọrọ tìẹ."

Mo ti kọ̀wé sí ìyá ọmọ náà, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Èsì ò tíì dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní waya olórí méjì nílé, kó lọ gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó jẹun alẹ́. Ẹ̀yin àgbà, mo wo ìwé tí àwọn àlejò ń kọ orúkọ sí ní ilé arúgbó yẹn. Ọdún kan àbọ̀ ni Màmá Odalie ti wà níbẹ̀, orúkọ tèmi nìkan ló wà lábẹ́ tiẹ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀bẹ̀ tiyín o, ẹ má bá mi bẹ tèmi.