Ọwọ́ Aláago Kò Gbọ̀n

Ẹ ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn, n kò ní kí ẹ máa wo ara yín lójú. Ẹ jókòó yí ibùsùn mi ká bí adìyẹ tó ń retí àgbàdo, ẹ rò pé mo pè yín láti súre fún yín. Kò sí ire lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níkùn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Orí mi pé. Inú mi ni kò dára, ó sì ti pẹ́ tí kò ti dára.

Ìwọ Onígbàjámọ̀, jókòó. Mo rí bí o ṣe ń wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Bàbá Oníbúrẹ́dì, olórí ẹgbẹ́ wa, ẹ fetí sílẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ dá ẹjọ́ tí kò tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò mọ̀. Àbúrò mi obìnrin, má tíì sunkún. Àti ìwọ Aláago, ọkọ àbúrò mi, tí o gbé ife omi dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi yìí: má gbé e kalẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn máa wo ọwọ́ rẹ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Gbogbo yín mọ yàrá òkè ilé búrẹ́dì, níbi tí ẹgbẹ́ wa to rélùwéè kékeré rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àfiṣeré, sí. Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo kan tábìlì tó gba yàrá náà láti ògiri dé ògiri, èmi ni mo rẹ́ pákó rẹ̀, èmi ni mo gbẹ́ òkè àti afárá rẹ̀. Nígbà tí a parí, mo rò pé èmi ni wọ́n máa fi sórí àga yáàdì. Ẹni tí kò mọ yáàdì á pè é ní eré ọmọdé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin máa ń wọ̀ pẹ̀lú wágọ̀nù ẹrù tó dàrú mọ́ ara wọn, ti sìmẹ́ńtì, ti epo, ti igi. Ẹni tó wà lórí àga á máa fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan tì wọ́n, á máa fà wọ́n, títí olúkúlùkù á fi bọ́ sójú irin tirẹ̀, tí ọkọ̀ mìíràn á wá gbé e lọ síbi tó ń lọ. Òfin wa ni pé ọwọ́ kì í kan wágọ̀nù, igi tín-ín-rín kan la fi ń tú ìkọ́ wọn. Bí ẹni orí àga bá kánjú, wágọ̀nù á já bọ́, gbogbo ọkọ̀ tó kù á dúró dè é, àwọn tó ń wà wọ́n á sì máa kùn sí i.

Aláago ni wọ́n fún ní àga náà. Ẹni tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Bàbá Oníbúrẹ́dì ní, "Aago ló ń tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́." Ṣé ọwọ́ tèmi wá jẹ́ ọwọ́ ẹran ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Ó burú. Èmi ni mo se ọbẹ̀, ẹlòmíràn ló jókòó ti àwo. Èyí tó sì dùn mí jù ni pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Á ti wágọ̀nù lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ìkọ́ rẹ̀ á fi gbá èkejì mú láìdún, àwọn tó wá wòran á sì mí kanlẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́. Mo lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aago ń dún káàkiri ara ògiri, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ọwọ́ bàbá mi gbọ̀n títí wọ́n fi kú. Ṣíbí ò ṣeé gbé sẹ́nu fún wọn. Láràárọ̀ ni mo máa ń na ọwọ́ mi síwájú kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí n wò ó bóyá tèmi náà ti dé." Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Kí n tó dé ilé, mo ti mọ ohun tí mo máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ikú ilé ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ wágọ̀nù bá fi díẹ̀ sún mọ́ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ, á máa rìn geere lórí irin tó tọ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Ìgbà tó bá dé oríta, níbi tí irin ti yà sí méjì, ló máa já bọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ní òṣùwọ̀n idẹ kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tó máa ń wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Mo yọ ọ́, mo fi sápò. Mo wá mú ẹ̀mú, mo fún ẹsẹ̀ wágọ̀nù kan pọ̀. Wágọ̀nù yẹn já bọ́ ní oríta níṣojú gbogbo yín. Aláago kò wo irin, kò wo wágọ̀nù. Ọwọ́ rẹ̀ ló wò. Ohun tó yẹ kó bà mí nínú jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi dé eegun.

Nígbà tí ẹ ń wá òṣùwọ̀n, mo bá yín wá a. Mo rá wọ abẹ́ tábìlì, mo tilẹ̀ gégùn-ún fún ẹni tó gbé e. Lọ́jọ́ kan mo ń fún ẹsẹ̀ wágọ̀nù mìíràn pọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Onígbàjámọ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Má fọwọ́ bojú, ṣebí o wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀mú, ó wo ojú mi, ó ní, "Káfíńtà, mi ò rí nǹkan kan o. Àmọ́ tó o bá gun àga yẹn, èmi ni kó o jẹ́ kí n máa wa ẹ́ńjìnnì ńlá." Mo ní, "O ti ń wà á nìyẹn." Ẹ bi ara yín léèrè ta ló ń wa ẹ́ńjìnnì ńlá láti ìgbà náà.

Ọjọ́ àlejò dé. Àwọn aládùúgbò kún orí àtẹ̀gùn, òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń gòkè bá wa. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá da ọkọ̀ rú lójú àlejò, ó ní láti dìde lórí àga. Mo ti fún ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wágọ̀nù pọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ọ̀kan fa èkejì, títí wọ́n fi já láti orí tábìlì sórí sìmẹ́ńtì. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Oníbúrẹ́dì, ẹ ní, "Aláago, dìde, ọwọ́ rẹ ò gbà á mọ́." Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni." Mo jókòó sórí àga náà nígbà tó ṣì gbóná. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún ẹsẹ̀ wọn fẹ̀ padà, wágọ̀nù kankan ò já bọ́ mọ́, ẹ sì ń pariwo pé, "Ẹ wo ọwọ́ Káfíńtà!" Ojú yín ló fọ́. Mo gbádùn ìyìn yẹn dáadáa, kí ni mo tún fẹ́ purọ́ fún?

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá pè é ní ìlara lásán. N kò dúró. Aláago wá bá mi níbi iṣẹ́. Ó ti rí dókítà, dókítà ní kò sí nǹkan kan tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi á fẹ́ tù mí nínú, dókítà ò sì mọ̀ mí. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bi. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó ń gbọ̀n?" Ọwọ́ náà dúró gbọnin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu mi ì bá ti dá a padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo ọwọ́, mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i, mo kàn ń pa á mọ́ra ni. Dókítà kì í sọ irú ẹ̀ fún èèyàn." Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òtítọ́ fún mi." Ẹ gbọ́ bí? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù yẹn kò parí tó fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní òun ò fẹ́ ba aago oní-aago jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣọ́ géètì fún ẹlòmíràn. Àbúrò mi, o bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ọkọ rẹ kì í fọwọ́ kan ohun tó lè fọ́ mọ́. Mo ní bí ara ṣe ń rí nìyẹn.

Nísinsìnyí ọwọ́ tèmi ló ń gbọ̀n, n kò lè gbé ife. Ta ló ń fún mi lómi? Aláago ni. Nígbàkúùgbà tó bá gbé ife sí mi lẹ́nu, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú bí mo bá ta omi sí yín lára, ẹ mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí." Kò ta ẹ̀kán kan sí mi lára rí. Ìyẹn náà bí mi nínú. Láàárọ̀ yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ yí orí mi kúrò lójijì kí omi lè dà, kí n lè rí nǹkan kan fi gbe irọ́ mi lẹ́sẹ̀. Kò dà. Ó tẹ̀ lé ẹnu mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń tẹ̀ lé wágọ̀nù. Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n lọ pè yín wá.

Àbúrò mi, fa àpótí abẹ́ ibùsùn jáde. Wágọ̀nù igi pupa nìyẹn, èyí tí mo sọ fún yín pé ó ti fọ́. Òun nìkan ni n kò tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, n kò sì mọ ìdí. Òṣùwọ̀n idẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi níbí. Bá a di wágọ̀nù mú. Aláago, fi ọwọ́ rẹ kejì mú òṣùwọ̀n, wọ̀n ọ́n. Ṣé o rí i? Kò wọlé. Ẹsẹ̀ wágọ̀nù ni, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì lókun nínú, bí ẹnì kan bá fi inú kan sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún yín, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Aláago, dárí jì mí. N kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, n kò fi kọ́ra. Bú mi. Omi ń dà sórí aṣọ ìbora mi. Rárá, má gbé ife yẹn kalẹ̀, má wo ọwọ́ rẹ bẹ́ẹ̀ yẹn! Kò jọ ti bàbá rẹ. Ìbínú ló ń mú un gbọ̀n, ìbínú lásán ni. O gbà mí gbọ́ nígbà tí mo purọ́. Jọ̀ọ́, gbà mí gbọ́ báyìí.