Ọwọ́ Òsì àti Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Australia

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí a ṣì ń gbé ní North Peckham Estate ní London, kí council tó wó o, èmi ọmọ Yorùbá yìí gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Ẹ̀yin lè wò ó lórí fóònù báyìí, àwa ò mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ará Australia tá a jọ ń ṣe shift níbi iṣẹ́ ló fà mí wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù náà gùn bí ìbẹ́pẹ. Tí o bá fẹ́ fún ẹlòmíì, o ò gbọdọ̀ jù ú. Wàá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ kan, wàá fi ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ kejì gbá a sí i.

Captain wa, Neil, tó baba bí mi. Uncle Neil ni mò ń pè é. Ó ní kí n yé pe òun bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́. Ṣé orúkọ ni màá máa pe àgbàlagbà?

Ọjọ́ match tó máa gbé wa dé final, Mummy mi wá wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, nínú aṣọ funfun wọn. Ó ku ìṣẹ́jú kan, a fi díẹ̀ ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, àwọn alátakò ti di apá yẹn mú. Uncle Neil dá dúró, ó ń pariwo, "Left hand! Left hand!", pé kí n fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gbá a sí òun.

Ẹ gbọ́… ọmọ tí wọ́n ti nà torí òsì, tí wọ́n ń sọ fún pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣé á wá fi òsì fún àgbà ní nǹkan lójú ìyá ẹ̀? Mo ní kí n pààrọ̀ ọwọ́, kí n lè fi ọ̀tún gbá a. Wọ́n dà mí wó. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbá a wọlé, wọ́n sì na wá.

Ó dùn mí gan-an. Season tó tẹ̀lé e, wọn ò mú mi mọ́. Bó ṣe parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ match yẹn, bá a ṣe ń rìn lọ sílé, Mummy ní, "Kí ló dé tí o ò fún baba òyìnbó yẹn ní bọ́ọ̀lù?" Mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n máa yìn mí ni.

Wọ́n dúró. "Ayọ̀, nínú eré? Ta ló ń wo ọwọ́ ẹ? Ojú ẹ ni mò ń wò. Láti ìgbà tá a ti dé ìlú yìí, mi ò rí i kó kún fún ìdùnnú tó bẹ́ẹ̀ rí."

Hmm… Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá rò pé àwa àgbà fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi wá.