Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Dá Ọ̀rọ̀ Yín Dúró

Ẹ̀yin ará Abẹ́ Ọkọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti awakọ̀ tí a jọ ń pàdé lórí gbàgede orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín ná kí ẹ gbọ́ mi. Èmi alábòójútó yín, èmi tí ẹ ń pè ní Ìyá Gbàgede, ni mo ní ọ̀rọ̀ sọ lónìí, n kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Ẹ máa ń bi mí pé, "Ìyá, kí ló dé tí ohun tí mo kọ ò jáde? Wọ́n ní ó ń dúró de àṣẹ alábòójútó." Èsì kan náà ni mo máa ń fún yín: "Ẹ̀rọ ló dá a dúró, ẹ ní sùúrù." Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi ló dá Abẹ́ Ọkọ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ni, gíríìsì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà òun á máa pe èsì láti abẹ́ mọ́tò, èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àwọn gbájú-ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ̀ wá, a kọ́ ẹ̀rọ ní ohun tí yóò máa ṣọ́. Bí àlejò bá kọ̀wé nígbà àkọ́kọ́, kó dá a dúró. Bí líǹkì bá wà nínú rẹ̀, tàbí èébú, tàbí ọ̀rọ̀ tí àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn, kó gbé e sẹ́yìn títí a ó fi kà á. Ọkọ mi máa ń kìlọ̀ fún mi pé, "Ilẹ̀kùn la ṣe yìí o, a ò mọ ògiri. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò gbọdọ̀ mọ́ bá ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Ó kú, kọ́kọ́rọ́ sì kù sọ́wọ́ èmi nìkan.

Gbogbo yín mọ ṣọ́ọ̀bù Dúró Ṣinṣin tó ń ta páàdì búréèkì. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé àbúrò mi ló ni ín, ọmọ ìyá mi, tí ìyá wa fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí kò tíì lè dá bàtà wọ̀. Onítakisí kan, àlejò tí ẹ̀rọ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró dè mí, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé páàdì tí òun rà níbẹ̀ ń rú èéfín. Mo pe àbúrò mi. Ó wá sílé, ó jókòó sórí àga ọkọ mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, páálí kan ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n tà á tán ná." Mo ní, "Kí o tà á tán kẹ̀? Àbí kí o dá a padà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà ní kí ẹ̀rọ yín máa bá mi ṣọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò ní kí ẹ pa nǹkan kan rẹ́. Ó kàn máa dúró ni." Ó kàn máa dúró ni! Ẹ wo bó ṣe rọ̀ létí. Mo tẹ orúkọ Dúró Ṣinṣin sáàárín àwọn èébú tí ẹ̀rọ ń ṣọ́, mo sì lọ gbé omi tíì kaná.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹ ń kọ, mò ń kà, n kò tú u sílẹ̀. N kò rò ó pé kálukú yín yóò máa rò pé òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Irọ́ tún nìyẹn. Mo rò ó dáadáa. Ìgbà náà ni Ìyá Oníbọ́ọ̀sì, ẹni tó ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé, kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, páàdì Dúró Ṣinṣin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹsẹ̀ mi á wọlé pátápátá kó tó mú. Ṣé ó ti ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀ rí, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀?" Oúnjẹ ọ̀sán wà lẹ́nu mi nígbà tí mo kà á. Mo mọ èsì rẹ̀. Ọkọ mi ì bá ti pariwo láti abẹ́ mọ́tò pé, "Ẹ páàkì ẹ̀! Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀!" Mo ń jẹun mi lọ. Obìnrin náà tún kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀: "Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ọ̀rọ̀ mi ò jáde." Mo ní, "Ẹ̀rọ ni, ẹ ní sùúrù." Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni búréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bọ́ọ̀sì sì lọ kọlu ògiri. Àwọn ọmọ yè é, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kán, egungun ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Oníbọ́ọ̀sì sì fọ́.

Bí ẹ bá rò pé ibi tó burú jù nìyẹn, ẹ dúró. Ilé-ìwé lé e, wọ́n ní eré ló sá. Àwọn tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ kọ̀wé sí mi: ṣé ẹnikẹ́ni ti ráhùn nípa páàdì yìí lórí gbàgede yín rí? Ó lé ní ogójì ènìyàn tí ọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ náà. Mo dá wọn lóhùn pé, "Rárá, kò sí." Ẹ̀rọ kankan kò bá mi kọ ìyẹn. Ìka mi ni. Nítorí rárá yẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ títí láé, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Láàárọ̀ yìí ni mo tún rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní: "Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí, àti lọ́wọ́ Dúró Ṣinṣin tí mo bà lórúkọ jẹ́. Mo wá gbogbo inú Abẹ́ Ọkọ̀, kò sí ẹlòmíì tó ráhùn. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà mọ́." Ó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ sì dá a dúró. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń tọrọ àforíjì, èmi ló sì ń dúró dè kí n fọwọ́ sí i! Inú bí mi sí ara mi. Mo tú gbogbo ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ ó rí wọn nísàlẹ̀ ibí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ wọ́n. Mo sì ti kọ̀wé sí àwọn aṣèwádìí pé irọ́ ni mo pa.

Àbúrò mi ti pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti bà mí jẹ́! Ìyá wa ń wò yín o!" Mo ní, "Kó máa wò mí. Ó ní kí n tọ́ ọ, kò ní kí n fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ tọ́ ọ." Mo pa fóònù. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ni mo wà, n kò lọ ibì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mẹkáníìkì tí páàdì yẹn jóná lójú yín, tí ẹ kàn pààrọ̀ rẹ̀ láìwí nǹkan kan, ẹ má wá sọ òkò lù mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n máa fi ẹnu ọ̀nà irú ibí yìí lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣọ́ ọ, kò burú. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Ènìyàn ló fi í síbẹ̀.

Ìyá Oníbọ́ọ̀sì, ẹ̀yin nìkan ni mò ń bẹ̀, n kò sì ní bínú tí ẹ bá kọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àforíjì yín nìkan ni n kò tú sílẹ̀, nítorí ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àforíjì. Ẹ mọ ọkọ̀ wà, ìyá. Ẹ tẹ búréèkì lásìkò tó yẹ.