Pẹ́pẹ́yẹ Ìgbẹ́ Tí Àsìkò Rẹ̀ Ò Tíì Ṣí

Orí ìlà ẹran ewúrẹ́ ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Clarkston, ní Amẹ́ríkà, tí obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń jiyàn níwájú mi nítorí bàbá wọn.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀ bá ti rọra bá Daddy sọ̀rọ̀.”

“Kí ni ǹ bá rọra sọ? Wọ́n fi kànnàkànnà pa pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ létí omi ẹ̀yìn apartment wa! Ẹyẹ tó ń fò láti ìlú dé ìlú ni, ìjọba ló ń ṣí àsìkò tí wọ́n ń pa á. Àsìkò ò tíì ṣí, Daddy ò sì ní license. Tí neighbour bá pe police ńkọ́?”

“Ìyẹn lẹ ṣe wá pariwo lé wọn lórí pé wọn ò mọ òfin. Daddy! Ọdẹ tó fi owó ẹran ìgbẹ́ rán wa níléèwé! Wọ́n ní, ‘Mi ò lè máa jẹun nílé ọmọ mi, kí n má mú nǹkan kan wálé.’ Gbogbo èyí tó ní ọmọ lẹ́yìn ni wọ́n fi sílẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.”

“Mi ò mọ̀yẹn.”

“Ẹ ò bi wọ́n.”

Ìlà sún, ọkùnrin náà ò sún.

“Ẹ ti máa ń lọ shift kí wọ́n tó jẹun, ẹ ò lè rí i. Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti pariwo yẹn, ṣe ni wọ́n ń yọ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, ‘Mi ò mọ̀ bóyá àsìkò ẹran yìí ti ṣí.’”