Ojú Ìwé Tí A Lẹ Bébà Bò

Ojú ìwé yìí ni ẹ ti máa ń ka àlàyé fíìmù ìkẹyìn nínú ètò ayẹyẹ wa. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ àlàyé àwọn fíìmù ilẹ̀ Éṣíà sínú ìwé ètò yìí, tí mo ń sọ fún yín pé eléyìí á pa yín lẹ́rìn-ín, tọ̀hún á pa yín lẹ́kún. Irọ́ kan wà nínú iṣẹ́ náà tí mo gbé mì, kò sì dà nínú mi. Dókítà ti wo àyà mi, ó mi orí, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un wò. Bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, a jẹ́ pé mo jalè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sórí àga àkọ́kọ́ ní ìlà iwájú, tó ń na ọrùn bí ẹni fẹ́ wọ inú àwòrán lọ. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Ìyá Iwájú. Ẹ rò pé fíìmù ló fẹ́ràn. Fíìmù wo? Tí olólùfẹ́ méjì bá ń sunkún lójú àwòrán, ẹ̀gbọ́n mi á máa nu gíláàsì ojú rẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá fi ọjà hàn, tàbí èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú reluwé, á dìde dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa kùn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wá. Eléjí la ń pè é nítorí eyín iwájú rẹ̀ tó là. Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní apá Éṣíà, ó ń tẹ̀ wá láago fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àárò rẹ̀ sọ ìyá rẹ̀ débi pé ó máa ń wí fún mi pé, "Àbúrò, ayé ò tóbi tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ojú èèyàn, á rí ojú tó ń wá." Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Fíìmù pọ̀, ojú ò tó. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń wò. Tí mo bá ti mọ ibi tó ń lọ, mo ti kọ àlàyé, ìwé ètò ti dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ọjọ́ tí a bá ń dán kópì wò nínú gbọ̀ngàn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí òpin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yan fíìmù kan nípa àwọn aláàárù èbúté kan ní Éṣíà, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Èmi àti Bàbá Ẹ̀rọ, ẹni tó ń yí fíìmù fún wa, la jọ ń dán an wò. Ó kù díẹ̀ kó parí ni ọkùnrin kan gbé páálí kọjá. Èjìká òsì ló gbé e sí, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá dì í mú, bí bàbá rẹ̀ tó ti kú ṣe máa ń gbé ẹrù gẹ́lẹ́. Ó yíjú sí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín. Èjí náà rèé. Bàbá Ẹ̀rọ dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ nìyí?" Mo ní òun ni. Ó ní, "Kí lo wá ń wò? Lọ pe ìyá ẹ̀ wá." Mi ò dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú. Mi ò láya, mi ò bímọ. Ilé rẹ̀ ni mo ń gbé, ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo ń jẹ. Báàgì ìrìn àjò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti di ẹrù sínú rẹ̀ tipẹ́. Mo mọ̀ pé tó bá fojú kan ọmọ yẹn, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a nínú ilé wa. Ta ni yóò wá kù fún mi? Gbogbo ọdún tí mo fi wà níwájú rẹ̀, kò wò mí rí bó ṣe ń wo àwọn àjèjì lójú àwòrán. Mo ń jowú ọmọ tí kò sí nílé. Àgbààyà gbáà ni mí. Mo sọ fún Bàbá Ẹ̀rọ pé kó ká fíìmù náà kúrò, a ò ní fi hàn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá méjì ni, n ò dá sí i. Àmọ́ mo ti rí i o."

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Tí fíìmù kan bá yẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé ètò ti jáde, a máa ń tẹ orúkọ òmíràn sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, a ó sì lẹ̀ ẹ́ bo ti tẹ́lẹ̀, ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ó máa ń wá bá wa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń mọ́. Mo gbé àwọn ìwé náà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì, mo gbé gọ́ọ̀mù tì í. Ó ka àlàyé mi kó tó bẹ̀rẹ̀. "Eléyìí gan-an ni mo ti ń retí. Èbúté ni, èrò á pọ̀ níbẹ̀. Kí ló ṣe é?" Mo ní, "Kópì ẹ̀ ló bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." "Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe?" "Kò sí." Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa ṣí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń bo ọmọ rẹ̀, èmi ni mo ń gbé ìwé fún un. Ó tilẹ̀ ń kọrin sínú. Nígbà tó parí, ó ní, "Àbúrò, o ò tíì jẹun láti àárọ̀. Jẹ́ ká lọ sílé." Mo bá a lọ, mo sì jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Nígbà tí kò ríran mọ́ rárá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ lojú mi báyìí. Tó o bá rí i, wàá sọ fún mi, àbí?" Mo ní, "Màá sọ."

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Bàbá Ẹ̀rọ nílé rẹ̀. Kò béèrè ohun tí mo bá wá. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé fíìmù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Kò jẹ́ kí n gbádùn ilé mi." Mo tẹ ẹni tó ya fíìmù náà láago. Ó ní wọ́n ti wó èbúté yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún tí a yọ fíìmù náà kúrò, àwọn aláàárù ti fọ́n ká, òun ò mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà. Ká ní mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti bá ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Kí n tó gbé ojú ìwé yìí fún atẹ̀wé, mo kà á fún un nínú ilé ìdáná, títí dé ibi tí ẹ kà dé yìí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kà á. Ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó bú mi, kò bú mi. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní, "Ìyẹn ṣì ń bọ̀. Kọ́kọ́ sọ fún mi ná, ṣé ó rù?"

Fíìmù àwọn aláàárù yẹn ni fíìmù ìkẹyìn lọ́dún yìí, a ò ní lẹ nǹkan kan bò ó mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ìlà iwájú, ẹ má ní kó dákẹ́. Èmi ni, mo ń fi ojú mi bá ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ há ẹnikẹ́ni mọ́lé bí mo ti ṣe. Bí ẹnì kan nínú yín bá sì bá ọkùnrin eléjí kan pàdé níbikíbi, tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá di ẹrù mú, ẹ bá mi sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí àga àkọ́kọ́.